Àlọ́ Ọ̀sán

Bí ẹ bá yà kúrò lórí Malu Road, níbi tí àwọn tírélà máa ń dúró sí bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí, tí ẹ wọ ilé ìkàwé wa, èmi lẹ máa kọ́kọ́ rí. Ràdíátù lorúkọ mi, àmọ́ Ìyá Mùnírù ni gbogbo èèyàn ń pè mí. Èmi ni mo ń jókòó nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń yáwèé. Iṣẹ́ mi ni kí n gba ìwé padà lọ́wọ́ yín, kí n sì wo ojú yín dáadáa nígbà tí ẹ bá ní òjò ló pa á. Mi ò ní sùúrù, gbogbo Ajégúnlẹ̀ ló mọ̀. Ẹni tó ní sùúrù nínú àwa méjèèjì ni Ẹ̀rínọlá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo sì fẹ́ sọ.

Ẹ̀rínọlá ló ń yanwèé fún àwọn èèyàn, òun náà ló sì ń ṣe gbogbo ètò ibẹ̀: ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà fún àwọn ọ̀dọ́, kíláàsì àwọn àgbà tó fẹ́ mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà, ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì máa ń wá wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ ìwé, kì í béèrè irú ìwé tí ẹ fẹ́. Á ní, "Kí ló ń gbé yín lọ́kàn lọ́sẹ̀ yìí?" Bí ẹ bá sọ fún un, á wọ àárín àwọn ṣẹ́ẹ̀fù lọ, èyí tó bá sì mú bọ̀, kí ẹ gbà á ni.

Chinedu, ajẹ́ńtì tó máa ń bá àwọn èèyàn gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù, wá bá a nígbà kan tí wọn ò jẹ́ kí kọ̀ntéínà rẹ̀ jáde, tí ọ̀rọ̀ náà dà á láàmú débi pé kò lè jẹun mọ́. Mo rò pé ìwé òfin ni Ẹ̀rínọlá máa fún un. Ìwé ìtàn ọ̀daràn ló gbé lé e lọ́wọ́, ìwé tó nípọn bíi búrẹ́dì. Nígbà tí Chinedu máa dá a padà, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní òun ò sùn, àmọ́ kì í ṣe kọ̀ntéínà ni ò jẹ́ kóun sùn mọ́, ó ní ṣé irú rẹ̀ míì wà. Bí òun náà ṣe di ará ilé ìkàwé nìyẹn. Òun ló dá gúrúùpù Wasáàpù àwọn òǹkàwé wa sílẹ̀, níbi tí àwọn awakọ̀ tírélà ti ń jiyàn lórí ìwé bí ẹni tó ń jiyàn bọ́ọ̀lù.

Ọmọ àdúgbò ni Ẹ̀rínọlá. Marine Beach ni wọ́n bí i sí, létí omi, níbi tí àwọn apẹja ń gúnlẹ̀ sí. Bàbá rẹ̀ kú kí ó tó mọ ojú wọn. Màmá ló tọ́ ọ, iṣẹ́ tí Màmá sì ṣe, ọ̀pọ̀ nínú yín ò gbọ́ ọ rí. Àpò ni wọ́n ń tún rán. Nígbà tí ìrẹsì àti ìyẹ̀fun ṣì ń wọ pọ́ọ̀tù nínú àpò lọ́pọ̀ yanturu, èyí tó bá bẹ́ nínú wọn, àwọn obìnrin ló máa ń jókòó sílẹ̀ nílé ìkẹ́rùsí ní Liverpool Road pẹ̀lú abẹ́rẹ́ gbọ̀ngbọ̀n àti okùn, tí wọ́n á rán an padà kí ẹrù tó lọ. Màmá rán àpò títí ìka wọn fi ká kò. Nínú rẹ̀ ni Ẹ̀rínọlá ti kàwé dé yunifásítì. Ọkọ tó fẹ́ kò pẹ́ láyé, Ẹ̀rínọlá ò sì bímọ fún un. Òun àti Màmá nìkan ló kù nínú ilé tí wọ́n ń gbé báyìí, nítòsí ilé ìkàwé.

Màmá wá darúgbó, iyè wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rá. Wọ́n á gbé ìkòkò kaná láìbu omi sí i. Wọ́n á jí lóru, wọ́n á ní ilẹ̀ ti mọ́, àwọn fẹ́ lọ sẹ́nu iṣẹ́. Bí mo bá ní, "Ẹ̀rínọlá, ṣé o ti mú Màmá lọ rí dókítà?" á ní, "Ọjọ́ orí ni, Ìyá Mùnírù. Ó ti rẹ̀ wọ́n ni." Á wá bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé tó ti tò tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń rí ohun tó ń ṣe gbogbo èèyàn lọ́kàn kò fẹ́ wo èyí tó ń ṣe ìyá ara rẹ̀. Mi ò bá a jà sí i. Ìyá ẹni ni ìyá ẹni.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó máa ń mú wọn wá sí ilé ìkàwé. Á fi wọ́n sórí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí títì, á wá mú ìwé alàwòrán ti àwọn ọmọdé fún wọn. Màmá á máa ṣí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa fi ìka tó ká kò yẹn tọ ara ẹyẹ àti ilé inú àwòrán. Bí Ẹ̀rínọlá bá kọjá, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí i, ẹ̀rín tó máa ń mú kí ara tu èmi pàápàá. Gbogbo òǹkàwé wa ló mọ Màmá. Chinedu ya fọ́tò wọn lórí àga yẹn nígbà kan, ó fi sí gúrúùpù, gbogbo ènìyàn sì ń kí Ẹ̀rínọlá kú ìtọ́jú.

Ètò àlọ́ ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọ́fíìsì àgbà ní kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ṣe nǹkan fún àwọn ọmọdé nígbà ìsinmi, pé ọ̀gá kan ń bọ̀ wá wò ó. Ẹ̀rínọlá ní àlọ́ la máa pa. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, títí mo fi rí pátákó tó kọ síta. Aago mọ́kànlá àárọ̀ Sátidé ló wà níbẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀rínọlá, ta ló ń pàlọ́ ní aago mọ́kànlá àárọ̀?"

Ó ní, "Ìyá Mùnírù, a ò ní iná alẹ́. Ìyá wo ló sì máa jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wá sí Malu Road nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú?"

Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ ẹ mọ ohun tí wọ́n fi dẹ́rù bà wá nílé nígbà tí a wà ní kékeré. Wọ́n ní ẹni tó bá pàlọ́ lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ á sọnù. Mùsùlùmí ni mí, mo ń kírun, mo mọ̀ pé Ọlọ́run ló ni ìyá oníkálukú. Síbẹ̀, bí Mùnírù bá ní kí n pàlọ́ fóun lọ́sàn-án nígbà tó wà ní kékeré, mo máa ń ní kó lọ fọ abọ́. Ìyá mi ti kú tipẹ́, àmọ́ ẹ̀rù yẹn ò bá wọn lọ.

Bàbá Ọlálérè ló yẹ kó wá pàlọ́ náà. Òṣìṣẹ́ pọ́ọ̀tù tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n lóhùn, wọ́n lórin. Ọ̀sẹ̀ tí ètò ku ọ̀la ku ọ̀tunla ni wọ́n yà wá wo ibẹ̀, wọ́n ka pátákó, wọ́n sì ṣí fìlà wọn.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, àárọ̀ ni?"

Ẹ̀rínọlá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ má bínú."

Wọ́n ní, "Ìyá tèmi ti lọ, kò sí ohun tí ọ̀sán lè fi mí ṣe. Àmọ́ àwọn ọmọ tó máa gbè é ńkọ́? Wọ́n níyàá." Wọ́n dé fìlà wọn padà, wọ́n sì lọ. Ẹ̀rínọlá dúró síbẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn wọn bí wọ́n ṣe ń gba àárín àwọn tírélà kọjá.

Kò sí ẹlòmíràn tó lè pa á, òun fúnra rẹ̀ ló kù. Láti ìgbà yẹn ni ọkàn rẹ̀ ò ti balẹ̀ mọ́. Ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, kì í pa ọjọ́ ìdánrawò jẹ. Ó ní ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó ni, pé ọmọ Ọlọ́run kì í bẹ̀rù irú ìyẹn. Ẹni tí kì í bẹ̀rù ń já èékánná jẹ. Ẹni tí kì í bẹ̀rù ń pe aládùúgbò wọn lórí fóònù láti béèrè bóyá Màmá ti jẹun, á pa á, á tún pè láti béèrè bóyá wọ́n ti mu omi. Èmi tí mo ń wò ó, ẹ̀rù tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ràn mí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó lọ bá àwọn awakọ̀ tírélà tó ń kàwé lọ́dọ̀ wa, ó yá tapólì lọ́wọ́ wọn, aṣọ rọ́bà ńláńlá tí wọ́n fi ń bo ẹrù kí òjò má baà pa á. Ó ní ká fi bo ojú fèrèsé látìta.

Mo ní, "Nítorí kí ni?"

Ó ní, "Kí ojú àwọn ọmọ má baà máa wà ní títì."

Mo ní, "Ẹ̀rínọlá."

Kò wo ojú mi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Mùnírù, ẹ bá mi di okùn yìí mú."

Mo dì í mú. Nígbà tí a ṣe tán, tí a wọlé, òkùnkùn ti kún gbogbo yàrá bí ilé tí wọ́n ti sùn. Òru ló fi tapólì dá. Ó fẹ́ tan ọ̀sán jẹ, kí ó lè ní òun ò pa àlọ́ lọ́sàn-án. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àmọ́ nígbà tí mo rí bó ṣe ń wo ihò kékeré kan tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, tó ń wá ohun tó máa fi dí i, ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.

Ó ní, "Màmá ò ní wá lọ́la. Bí wọ́n bá gbọ́ àlọ́ láàárọ̀, wọ́n á dìde láàárín èrò, wọ́n á bú mi. Nwakaego á bá mi wò wọ́n." Nwakaego ni aládùúgbò wọn, irun ló ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé. Ó láàánú, èèyàn dáadáa ni.

Ọjọ́ Sátidé pé, àwọn ọmọdé wá ju bí a ṣe rò lọ. Wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n ń fọwọ́ gbá ara wọn nínú òkùnkùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àtùpà oníbátìrì kan ṣoṣo la tàn. Ọ̀gá láti ọ́fíìsì àgbà dé, ó jókòó sí iwájú, ó ń fi áńkáṣíìfù nu òógùn. Ẹ̀rínọlá gba fóònù mi, ó fi í pẹ̀lú tirẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi lẹ́yìn tó ti pa ohùn wọn. Ó wá jáde lọ bá Godstime, gáàdì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa lọ́sẹ̀ náà, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn títí a ó fi ṣe tán, kí ìmọ́lẹ̀ má wọlé.

Ó dúró síwájú àwọn ọmọ. Ó ní, "Ààlọ́ o." Ohùn rẹ̀ gbọ̀n.

Wọ́n ní, "Ààlọ̀."

Àlọ́ ọmọ kan tó fọ́ ìkòkò tí ìyá rẹ̀ fẹ́ràn ló pa, tó ń bẹ odò kiri kí ó bá òun mọ òmíràn. Mo ti gbọ́ àlọ́ púpọ̀ láyé mi, èyí dùn. Nígbà tí wọ́n ń gbe orin kejì, ohùn Ẹ̀rínọlá ti dúró ṣinṣin, ó ti ń fọwọ́ ṣàpèjúwe, ó ti ń fò bí ọmọ inú àlọ́ náà. Ooru mú, gbogbo wa ń làágùn, kò sí ọmọ kankan tó fẹ́ dìde. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí Bàbá Ọlálérè ti lọ, mo rí i tí èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Inú mi dùn fún un gidi gan-an.

Nígbà tó parí, ọ̀gá náà pàtẹ́wọ́, ó ní irú èyí ló yẹ kí gbogbo ẹ̀ka máa ṣe. Godstime ṣílẹ̀kùn, oòrùn wọlé, àwọn ọmọ bo ojú wọn. Ẹ̀rínọlá sìn ọ̀gá dé ìdí ọkọ̀, ó padà wá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fa dúrọ́ọ̀, ó mú fóònù rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn kú lójú rẹ̀. Nwakaego ti pè é títí ó fi sú u, ó sì ti ń pe èmi náà.

Ó tẹ̀ ẹ́ padà. Ohùn Nwakaego jáde síta, gbogbo wa gbọ́ ọ. "Aunty, I don dey call you tey tey. Mama no dey o. I just enter inside go wash one customer hair, before I come out, chair don empty. I don waka the whole street. Aunty, abeg, no vex."

Ẹ̀rínọlá di etí tábìlì mi mú. Ó ní, "Èmi ni."

Mo ní, "Èwo ni ìwọ ni?"

Ó ní, "Ìyá Mùnírù, èmi ni mo ṣe é. Wọ́n kìlọ̀ fún mi."

Mo ní, "Pa ẹnu ẹ mọ́. Màmá rìn jáde ni, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn, a ó sì rí wọn." Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ líle tó yìí, ẹ má wo ẹnu mi, ẹ̀rù ti bà mí. Malu Road tí ọmọ tó gbọ́n ń sáré kọjá ni arúgbó tí kò mọ àárọ̀ yàtọ̀ sí alẹ́ ti ń dá rìn.

Godstime ti ń tú okùn tapólì. Ó gbọ́ wa, ó dúró. Ó ní, "Aunty, one old mama come here when una dey inside. She tie blue wrapper, she carry her slippers for hand."

Ẹ̀rínọlá yíjú sí i. Ó ní, "Wetin you tell am?"

Ó ní, "I tell am say library close today. She stand look the window small. She dey talk Yoruba, I no too hear am. Then she waka go that side." Ó nawọ́ sí ọ̀nà Apapa.

Mo sọ̀rọ̀ sí Godstime, ọ̀rọ̀ tí mi ò lè tún sọ níwájú ọmọlúàbí. Ó dorí kodò. Ẹ̀rínọlá ló dá mi dúró. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Èmi ni mo ní kó má ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni." Ó ń wo tapólì tó ṣì bo fèrèsé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Màmá. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Òkùnkùn tó fi ṣọ́ ìyá rẹ̀ ló dí ìyá rẹ̀ lọ́nà.

A jáde. Mi ò lè sọ fún yín bí a ṣe rìn tó. A ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta omi inú ọ̀rá, lọ́wọ́ àwọn tó ń lẹ táyà, lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀. Ẹnìkan ní òun rí wọn, ẹnìkan ní rárá, aṣọ pupa ni tòun rí. Ní gbogbo ìgbà tí tírélà bá fun fèrè, Ẹ̀rínọlá á dúró gbagidi, á di ọwọ́ mi mú, á wo abẹ́ táyà kí ó tó lè gbé ẹsẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tutù nínú oòrùn ọ̀sán. Mo ń gbàdúrà "Hasbunallahu" lábẹ́nu, òun náà ń kùn "Jésù, Jésù", bí a ṣe ń lọ nìyẹn.

Mo pe Chinedu, Chinedu sì gbé fọ́tò Màmá tó wà lórí àga sí gúrúùpù. Ẹ ò rí irú rẹ̀ rí. Àwọn awakọ̀ tó wà nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ ní gbogbo Apapa bẹ̀rẹ̀ sí í fèsì. Orí ìjókòó tírélà ga, wọ́n ń rí ọ̀nà jìnnà. Ọ̀kan kọ ọ́ pé Màmá ò sí lọ́nà pọ́ọ̀tù. Òmíràn ní òun ti bọ́ sílẹ̀, òun ń wo abẹ́ bíríìjì. Ẹ̀rínọlá ní ká lọ sí Liverpool Road, níbi ilé ìkẹ́rùsí tí Màmá ti rán àpò, pé bóyá ẹsẹ̀ wọn rántí ọ̀nà. A débẹ̀, wọ́n ti wó ilé náà tipẹ́. Kọ̀ntéínà ni wọ́n tò síbẹ̀, ọ̀kan lórí ọ̀kan. Gáàdì ibẹ̀ ní òun ò rí arúgbó kankan.

Ibẹ̀ la wà nígbà tí ẹnìkan kọ ọ́ sí gúrúùpù pé ọkọ̀ gbá arúgbó kan lẹ́bàá ibùdókọ̀ kan níwájú. Ẹ̀rínọlá kà á, ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí epo ọkọ̀ dà sí. Kò sunkún. Ó kàn ń sọ pé, "Ẹ pe ẹni tó kọ ọ́, Ìyá Mùnírù, ẹ bá mi pè é, èmi ò lè pè é." Mo pè. Nọ́ńbà ẹlòmíràn ni mo kọ́kọ́ tẹ̀. Nígbà tó wọlé, ẹni náà ní ọkùnrin ni ọkọ̀ gbá, pé wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù. Ọlọ́run má bínú sí mi, mo ní alihamdulilai.

Mo fà á dìde, a tún ń lọ. Oòrùn ti ń rọlẹ̀. Kò béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, ó kàn ń wo ojú gbogbo arúgbó tó bá kọjá. Èmi náà ti ń ronú ohun tí a ó sọ fún pásítọ̀ rẹ̀, ẹni tí a ó ránṣẹ́ sí. Bí ẹ̀rù ṣe ń ṣèèyàn nìyẹn, á ti máa ṣètò ìsìnkú ẹni tí kò tíì kú.

Fóònù mi dún. Chinedu ni. Ó ní, "Mama Mùnírù, we don see Mama. Marine Beach, where dem dey offload fish. She dey okay. Make una come."

Ẹ̀rínọlá gbọ́ ọ. Kò dúró dè mí. Ìgbà tí mo máa fi sáré bá a, tí èémí mi ti fẹ́ tán, ó ti dé etí omi.

Màmá jókòó sórí ọkọ̀ igi kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, bàtà wọn ṣì wà lọ́wọ́, ẹsẹ̀ wọn ti wú. Àwọn obìnrin tó ń ṣa ẹja pọ̀ yí wọn ká, ọ̀kan ti fún wọn lómi. Chinedu dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Obìnrin tó fún wọn lómi rí wa, ó ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ ni wọ́n? Wọ́n ti pẹ́ níbí. Wọ́n ní ọmọ àwọn ló sọnù."

Ẹ̀rínọlá kúnlẹ̀ sínú iyanrìn tútù. Ó di ẹsẹ̀ Màmá mú, ó gbórí lé orúnkún wọn, gbogbo ẹkún tó ti ń dì mọ́ra láti ọ̀sán sì tú jáde. Màmá fọwọ́ kàn án lórí. Wọ́n gbé ojú rẹ̀ sókè, wọ́n wò ó, ojú wọn sì tàn. Èmi náà mí kanlẹ̀.

Wọ́n ní, "Ha, anti oníwèé, ẹ̀yin nìyí. Mo wá síbi iṣẹ́ yín lónìí, wọ́n ní ẹ ti tilẹ̀kùn."

Ọwọ́ Ẹ̀rínọlá ṣì wà lára ẹsẹ̀ wọn.

Màmá ní, "Ẹ̀yin lẹ máa ń fún mi níwèé alàwòrán. Ẹ ṣèèyàn púpọ̀. Mo ní kí n wá bá yín, torí ohun tí gbogbo èèyàn bá wá lọ síbẹ̀, ẹ máa ń bá wọn rí i."

Ẹ̀rínọlá ní, "Kí lẹ ń wá, Mà?"

"Ọmọ mi ni. Ó jáde láàárọ̀, kò tíì wọlé. Ọmọ kékeré ni, ọkọ̀ sì pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Mo ti wá a dé ibi gbogbo."

Mo yíjú sí omi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi ni. Gbogbo Sátidé tí Màmá fi ń gbójú sókè lórí àga yẹn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí inú wa ń dùn, obìnrin kan tó ń fún wọn níwèé ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí. Mi ò mọ bó ti pẹ́ tó. Nígbà tí mo padà wo Ẹ̀rínọlá, mo rí i pé òun náà ń wá ọjọ́ náà nínú ọkàn rẹ̀, ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ mọ̀ ọ́n kẹ́yìn, kò sì rí i.

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Kí lorúkọ rẹ̀, Mà?"

Màmá ní, "Ẹ̀rínọlá."

Ó gba bàtà lọ́wọ́ wọn. Ó gbọn iyanrìn kúrò lára ẹsẹ̀ kan, ó wọ bàtà sí i, ó gbọn ìkejì. Ó pẹ́ lórí ìkejì yẹn. Ó wá dìde, ó na ọwọ́ sí wọn, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó nílé, Mà. Bóyá ó ti dé."

Màmá di ọwọ́ náà mú dáadáa, bí a ṣe ń di ọwọ́ ọmọ mú láti sọdá títì. Wọ́n ní, "Ẹ bá mi yára díẹ̀. Ebi á ti máa pa á."

Ẹ̀rínọlá ò tíì fẹnu kan nǹkan kan láti àárọ̀.